Ohun Tí Mo Ní Kí Kọ̀ǹpútà Fojú Fò

Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ya aṣọ tuntun, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, bébà gígùn tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì yóò sì máa rọra wálẹ̀ sínú páálí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá ni, lẹ́yìn ọjà Tẹ́júoṣó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún àádọ́rùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì gbà pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì nìkan ni kọ̀ǹpútà wà fún. Obìnrin kan ló ni iléèwé kékeré tí wọ́n ti ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó ti ṣe atẹ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọdún ní iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé ọ́fíìsì wọn, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún un, òun jókòó tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, nítorí ẹni tó bá ń kọ́ni níṣẹ́, ọ̀gá ẹni ni.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní iléèwé girama kan ní Súrùlérè. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Mo ní rúlà fún ìlà fífà, mo ní òmíràn fún títọ́ka sí bọ́ọ̀dù, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Bóyá èyí ló mú kí àwọn ará ìlú wa fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó wà ní Èkó ni mò ń sọ. Ìjẹ̀ṣà ni wá, Múṣín la sì ti ń ṣèpàdé, nínú gbọ̀ngàn kan tí àwọn àgbà ti kọ́ sílẹ̀ kí èmi tó dé Èkó rárá. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin mọ́ iwájú gbọ̀ngàn náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń lò wọ́n. Ó wà nínú òfin wa pé bí ọmọ ẹgbẹ́ kíkún bá kú, ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa lo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. A kì í sọ fún opó pé kó kẹ́rù jáde.

Nínú ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí ni Ìyá Aránṣọ wà. Ọkọ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe níbẹ̀ kó tó kú. Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ méjì wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò kó pẹpẹ rédíò ọkọ rẹ̀ dànù. Orí rẹ̀ ló ń to òwú sí. Ọmọ mẹ́ta ló ń tọ́ nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n síbẹ̀, láti ọ̀nà Ìdí-Òrò títí dé Ojúwòyè. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, kò sí ibòmíràn tó lè lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ pinnu láti tún ìwé òfin rẹ̀ ṣe. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún jókòó lé e lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù, èmi ni mo sì ń kọ ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí. Atẹ̀wé kan wà nítòsí gbọ̀ngàn tó ti ra kọ̀ǹpútà. Òun ló tẹ òfin àtijọ́ sínú dísìkì kan, tó sì tẹ tuntun sínú èkejì. Ó fi nọ́ńbà sí iwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípàdé lè sọ pé ìlà báyìí-báyìí lòun ń wò, ó sì fi déètì sí òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ogójì ojú ewé ni. A pín ẹ̀dà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé tí a ó ti dìbò gbà á wọlé. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ ìpàdé gan-an ni Ìyá Aránṣọ wá bá mi níléèwé. Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé nǹkan ń bẹ. Ó ní Igbákejì Alága ẹgbẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀. Ẹni tí ó ń sọ yìí, ọkùnrin tó ń ta táyà àti ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ ni, ẹni tó gbajúmọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ó kàn wọlé, Tíṣà. Ó kí mi, mo kí i. Ó wá fa téèpù yọ nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri."

"Ògiri?"

"Ògiri. Èmi tí mò ń wọn ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n wá ń wọn ilé mọ́ mi lórí. Mo ní, 'Bàbá, kí lẹ fẹ́ rán fún ògiri?' Ó ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe fẹ̀ tó ni. Ó ní kí n ka ìwé òfin tuntun. Mo wá ka tèmi dé ibi tí mo lè kà á dé. Ẹ bá mi wò ó. Wọ́n ti yí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo fi dá a lójú pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ìwé náà sí ojú ewé ṣọ́ọ̀bù níwájú rẹ̀, mo sì kà á sókè: opó ọmọ ẹgbẹ́ kíkún yóò máa lo ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà ló wà níbẹ̀ láìyẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n wo ìyókù. Mo ní n ó wò ó.

Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ́ ẹ̀dà àtijọ́ sí apá òsì, mo tẹ́ tuntun sí apá ọ̀tún, mo sì gbé rúlà lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi máa dé ojú ewé kẹfà, ojú ti ń ṣe mí bàìbàì. A ti fi odindi abala kan kún iwájú ìwé náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ohun tó wà ní òkè ojú ewé níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí àwọn ìlà yẹn ṣe rí lójú mi nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, bí iléèwé ṣe jáde, mo kó dísìkì méjèèjì àti fáìlì ìgbìmọ̀ sínú báàgì, mo sì gba Yábàá lọ.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà ní ètò kan nínú ẹ̀rọ rẹ̀ tó lè fi ìwé méjì wéra, tí yóò sì tẹ gbogbo ìlà tí wọ́n bá ti yàtọ̀ síra jáde. Ó ki dísìkì àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ó ki èkejì, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ń tẹ̀, ó ń tẹ̀. Bébà kún páálí, ó ń ṣàn sílẹ̀. Mo béèrè pé ṣé gbogbo èyí ló yàtọ̀ ni. Ó mú bébà kan, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ibí. Ìlà 30 ti àtijọ́ àti ìlà 42 ti tuntun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àbí? Nọ́ńbà iwájú wọn ló yàtọ̀. Ó kà á sí ìyàtọ̀."

"Ṣé kò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn ò já mọ́ nǹkan kan ni?"

"Ta ló sọ fún un? Tíṣà, ohun gbogbo ló já mọ́ nǹkan lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí ò já mọ́ nǹkan fún un."

Ó wá kọ́ mi ní ohun kan tí n kò tíì gbọ́ rí. Ó ní a lè ṣàpèjúwe irú ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ kí ẹ̀rọ kà, láìjẹ́ pé a dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ó kàn sọ bí wọ́n ṣe rí, ibikíbi tó bá sì ti bá ohun tó rí bẹ́ẹ̀ pàdé, yóò fojú fò ó. Àwọn òyìnbó ní orúkọ gígùn kan fún un. Òun ń pè é ní àpẹẹrẹ. Ó tẹ àkámọ́ onígun kan, ó tẹ òdo, ó fa ìlà kékeré, ó tẹ ẹ̀sán, ó pa àkámọ́ dé, ó sì fi àmì ìròpọ̀ sí i lẹ́yìn: [0-9]+. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà èyíkéyìí láti òdo dé ẹ̀sán, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ púpọ̀ tó tẹ̀léra. Mo tẹjú mọ́ àwọn àmì aláwọ̀ ewé yẹn lójú ẹ̀rọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí a-b-d. Ó dùn mọ́ mi pé ènìyàn lè fi àmì bíi mélòó kan mú gbogbo nọ́ńbà ayé.

"Ẹ jẹ́ kí n so ó mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà," ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà wí. "Kó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ìlà nìkan ló máa fojú fò."

"Déètì òkè ojú ewé ńkọ́?"

"A ó kọ àpẹẹrẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò ní pẹ́."

Àwọn ọmọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, iná ọba sì ti ń ṣẹ́jú. Mo ní kó má wulẹ̀ dààmú. Mo ní òfin là ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìṣirò. Kó pa gbogbo nọ́ńbà tì, ọ̀rọ̀ là ń wá. Mo ṣì lè gbọ́ ohùn ara mi bí mo ṣe sọ ọ́, ohùn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pa ìwé dé.

Ó wò mí díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé yín."

Ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kejì kò ju ojú ewé kan lọ. Ìyàtọ̀ mọ́kànlá péré ni. Mo fi wọ́n wé àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀, mo sì fàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: a mọ èyí, a mọ èyí, èyí náà la fẹnu kò sí. Kò sí èyí tó kan ṣọ́ọ̀bù tàbí opó. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì mo lọ bá Ìyá Aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń gé aṣọ iléèwé lórí tábìlì, kò sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo gbé bébà mi jáde. Mo ṣàlàyé fún un bí ẹ̀rọ ṣe ka ìwé méjèèjì, bí kò ṣe ní ojú àánú, tí kò lè ṣojúsàájú. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tó yí nǹkan kan.

"Tíṣà, ẹ ṣé o. Ẹ ní nǹkan kan wà tí ẹ ní kó má wò?"

"Ohun tí kò ṣe pàtàkì ni. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n."

Ó wá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Nọ́ńbà lásán. Ọdún mẹ́sàn-án tí ọkọ mi lò nínú ẹgbẹ́ yìí ńkọ́, kí ló ń jẹ́?"

Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn lójijì ni ìyípadà kan tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀. Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹni tí yóò bá ṣe Alága, ó gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ẹgbẹ́, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kó wà nínú àwọn ìyàtọ̀ tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Mo wo bébà ọwọ́ mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Èmi tí mo fàmì sí mọ́kànlá, n kò bi ara mi léèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi jẹ́ méjìlá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi títí di ọ̀la," ni mo wí fún un. N kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀la nìkan ló kù náà," ló fèsì, ó sì mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀. "Ọ̀tunla nìpàdé. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ pé Igbákejì Alága ló lọ bá atẹ̀wé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo padà sí Yábàá. Mo sọ fún Àǹtí Kọ̀ǹpútà pé kó ṣe é bó ṣe fẹ́ ṣe é níjọ́sí. Kò yọ mí lẹ́nu. Ó fi àmì kékeré kan tó ṣe bí òrùlé ilé síwájú àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ni kó ti máa ṣiṣẹ́. Ó kọ èkejì fún déètì: nọ́ńbà méjì, ìlà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ (/), nọ́ńbà méjì, ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nọ́ńbà méjì. Ó ní nọ́ńbà yòówù tí kò bá ti dúró sí ibi méjì wọ̀nyí, kí ẹ̀rọ kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyàtọ̀ mẹ́rìnlá ló jáde. Mọ́kànlá tí mo ti mọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Alága wà níbẹ̀, ọdún 5 ti di ọdún 15 gẹ́gẹ́ bí a ṣe fẹ́. Èyí tó tẹ̀lé e ni pé gbọ̀ngàn tí a máa ń kùn ní ọ̀dà lẹ́yìn ọdún 5 ni a ó máa kùn lẹ́yìn ọdún 15. Èyí tó gbẹ̀yìn wà ní ojú ewé kejìdínlógójì, jìnnà réré sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìwé ti ṣàlàyé ẹni tí à ń pè ní ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Ẹni tó bá ti lo ọdún 5 ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 15 ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ọkọ Ìyá Aránṣọ lo mẹ́sàn-án. Bí a bá dìbò gba ìwé yẹn wọlé bó ṣe wà, ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kíkún mọ́ nínú sàréè rẹ̀, òun náà kì í sì í ṣe opó tí òfin mọ̀.

Mo ní atẹ̀wé náà ti pa wá. Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti ń ṣí fáìlì ìgbìmọ̀ tí mo gbé wá ní tirẹ̀. Ó fa bébà kékeré kan yọ tí wọ́n fi píìnì so mọ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkọ̀wé tó mọ́ kedere ni, a fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó kà pé: Ẹ jọ̀wọ́, níbi tí ẹ bá ti rí "ọdún 5", ẹ sọ ọ́ di "ọdún 15".

"Èmi ni."

"Ọmọlúwàbí ni atẹ̀wé yìí o," ni Àǹtí Kọ̀ǹpútà wí. "Ó ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Ó sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pé kó yí gbogbo ibi tó bá ti rí i." Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Mo jókòó síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran nínú ọbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka ìwé yìí. Nígbà tí mo ń padà sílé, mo rò ó pé mo lè lọ bá atẹ̀wé kó tún ojú ewé kejìdínlógójì tẹ̀, kí n pín in láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, kí n ní ó sọnù nínú ti àkọ́kọ́. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ á wà bẹ́ẹ̀, orúkọ mi á sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní wà bó ṣe wà ni Igbákejì Alága, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní ọ̀bàyéjẹ́ nítorí ohun tí ọwọ́ mi kọ. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà, èyí ló sì mú kí ìdánwò náà pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fi ẹlòmíràn sílẹ̀ kó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ òun, kò mọ ìtàn kankan, bó tilẹ̀ ka gbogbo ìwé.

Ní ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn kún, ooru sì mú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fi ìwé òfin tuntun fẹ́ ara wọn. Alága wa, àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì níṣẹ́ rélùwéè, ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀. Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: bébà kékeré tí mo kọ, ohun tí atẹ̀wé ṣe, bí mo ṣe fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò tí mo sì ní kó má wo nọ́ńbà. Mo ní kò sẹ́ni tó lọ bá atẹ̀wé yàtọ̀ sí èmi. Ìyá Aránṣọ wà lórí àga ẹ̀yìn láàárín àwọn obìnrin. N kò lè wo ibẹ̀.

Igbákejì Alága ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ẹ ṣé, Akọ̀wé. Láti Ọjọ́bọ̀ làwọn ènìyàn ti ń wò mí bí olè ní Ládìpọ̀. Ẹ wò ó, nínú gbogbo wa níbí, èmi nìkan ni mo ka ìwé yẹn. Ẹ̀yin ń fi fẹ́ ara yín ni."

Àwọn kan rọra gbé ìwé wọn lé itan.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ wọn ògiri ni?" ni Alága bi í.

"Mo wọ̀n ọ́n. Táyà mi ń gba òjò. Mo kà á pé àyè ṣí, mo lọ wo àyè. Kí ló burú níbẹ̀? Ohun tí mo sì tún fẹ́ sọ nìyí: àṣìṣe ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe tó dáa ni. Ọdún márùn-ún kéré. Ọmọ àná á wọlé, yóò máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ kíkún. Ẹ jẹ́ kó wà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ tí àwọn díẹ̀ ní òótọ́ ni. N kò ronú rí pé àṣìṣe mi lè rí alátìlẹ́yìn. Mo wo ẹ̀yìn wàyí. Ìyá Aránṣọ ti dìde dúró.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn wo ni wọ́n ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú gbọ̀ngàn yìí? Kí wọ́n nawọ́, kí n lè mọ àwọn tó ni ẹgbẹ́."

Alága nawọ́. Àwọn àgbà mẹ́fà ní ìlà iwájú nawọ́. Àwọn obìnrin méjì nawọ́. Ó parí síbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, ọdún méje ni mo lò. Gbogbo ojú wá yí sí Igbákejì Alága. Kò nawọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń béèrè gígùn apá aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà.

"Mọ́kànlá," ni ọkùnrin náà wí.

"Mọ́kànlá. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé kíkà o."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní títì. Igbákejì Alága gbìyànjú láti fajú ro, kò lè ṣe é. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó ní òun ti jókòó, òun ò sọ nǹkan kan mọ́, kí wọ́n má baà ní òun kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n gba àga lábẹ́ òun. A dìbò. Ọdún márùn-ún padà sí ipò rẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ kíkún, kò sì sí ẹni tó lòdì sí i. Wọ́n dá ọ̀dà gbọ̀ngàn náà padà sí ọdún márùn-ún. Alága wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, kí akọ̀wé máa fi ọ̀rọ̀ kọ gbogbo iye nínú ìwé ẹgbẹ́ kó tó fi nọ́ńbà kọ ọ́. Mo kọ àṣẹ náà sílẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀, pẹ̀lú rúlà.

Nígbà tí ìpàdé túká, mo lọ bẹ Ìyá Aránṣọ. Ó ní kò sí ìjà. Ó ní òun náà ní ẹni tí òun máa bẹ̀. Mo rí i tó gba ẹ̀gbẹ́ àga kọjá lọ sọ́dọ̀ Igbákejì Alága, tó kúnlẹ̀ díẹ̀, tí ọkùnrin náà sì ń sọ pé, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ bá mi rán ṣòkòtò kan tí yóò gbà mí." Ó rán an. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn, títí ojú rẹ̀ kò fi lè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tó sì fi ìfẹ́ ara rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ènìyàn nígbà náà.

Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Àwọn tí mo kọ́ níléèwé máa ń bẹ̀ mí wò nígbà mìíràn, wọ́n á gbé fóònù jáde, wọ́n á fi hàn mí bí ẹ̀rọ ìsinsìnyí ṣe lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé wéra kí ènìyàn tó ṣẹ́jú. Mo máa ń bá wọn yọ̀. Ìmọ̀ dára, n kò sì kábàámọ̀ pé mo gun àtẹ̀gùn Yábàá yẹn. Àṣìṣe tí mo ṣe pàápàá kì í dùn mí mọ́, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn tí orí rẹ̀ kì í mì. Ohun tó ṣì ń dùn mí ni ohùn tí mo fi sọ fún Ìyá Aránṣọ pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ohùn tíṣà ni, ohùn ẹni tó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì lọ sílé. Òun dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní ìbéèrè kan sí i láti bi mí.